Egungun adìyẹ, wáyà fàdákà àti Ọmọ Ẹlẹ́gùn-ún: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ oṣù mẹ́rin

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ya ojú ènìyàn láti inú fọ́tò orí fóònù. Ojú ń jọ ojú, imú ń jọ imú, ṣùgbọ́n gbogbo orí tí mo bá yà ló ń rí pẹlẹbẹ. Nígbà tí bàbá wa pé ẹni ọgọ́rin ọdún, mo yà wọ́n, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó wò ó títí, ó ní, "Bàbá ni lóòótọ́. Bàbá tí wọ́n ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, òun ló sì bí iṣẹ́ yìí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka bí àwọn ayàwòrán Ítálì ṣe kọ́ṣẹ́ ní àsìkò tí wọ́n ń pè ní Renaissance, nǹkan bí ọdún 1400 sí 1600. Ère àtijọ́ tí àwọn ará Róòmù àti Gíríìsì fi sílẹ̀ ni wọ́n ń jókòó tì. Leon Battista Alberti, ọ̀mọ̀wé ará Ítálì tó kọ ìwé lórí àwòrán yíyà, kọ ọ́ ní 1435 pé ó tẹ́ òun lọ́rùn kí ènìyàn wo ère tí kò dára tó bẹ́ẹ̀ yà ju kó wo àwòrán tó dára gan-an yà lọ. Ẹni tó ń wo àwòrán yà, àfarawé lásán ló ń kọ́. Ẹni tó ń wo ère yà ń kọ́ ìrísí, ó sì tún ń kọ́ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bà lé nǹkan. Leonardo da Vinci náà to ẹ̀kọ́ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: àwòrán ọ̀gá ni àkọ́kọ́, ère tẹ̀lé e, ènìyàn alààyè ló kẹ́yìn. Èmi ti fo ti àárín pátápátá.

Mo bá pinnu pé n ó ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe é: n ó fi eérú egungun kun pépà, n ó fi wáyà fàdákà yà á bí ẹni fi pẹ́ńsùlù yà á, n ó sì jókòó ti ère kan ṣoṣo. Yàrá ẹ̀yìn ilé wa ní Peckham, ní London, ni mo ti ṣe é. Oṣù mẹ́rin ló gbà. Mo ń kọ owó àti àṣìṣe sílẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà tún un ná, kó má sì tún un ṣe.

Ìpele 1: Ère

Laocoön ni mo kọ́kọ́ fẹ́, ère ọkùnrin àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tí ejò wé mọ́ lára. Inú ọgbà àjàrà kan ní Róòmù ni wọ́n ti wú u jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1506, Michelangelo sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sáré lọ wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tó kéré jù tí mo rí, pọ́n-ùn 140 ni wọ́n pè é. Mo jáwọ́.

Èyí tí mo rí rà ni ọmọkùnrin tó jókòó sórí òkúta, tó gbé ẹsẹ̀ òsì lé orúnkún ọ̀tún, tó ń yọ ẹ̀gún ní àtẹ́lẹsẹ̀. Spinario ni àwọn ará Ítálì ń pè é. Ọmọ Ẹlẹ́gùn-ún lèmi ń pè é nílé. Idẹ ni ti gidi, gíga rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 73, ó sì wà lára àwọn ère idẹ tí Póòpù Sixtus Kẹrin fi ta àwọn ará Róòmù lọ́rẹ ní 1471. Ilé Conservatori lórí òkè Capitoline ní Róòmù ló wà títí di òní. Àwọn àgbà ní ẹni ẹ̀gún gún ní í ṣe lákáǹlákàn tọ alábẹ lọ. Ọmọ yìí kò rí alábẹ kankan, ló bá jókòó tì í fúnra rẹ̀.

Àwọn tó ti yà á ṣáájú mi pọ̀. Nínú pátákó idẹ tí Brunelleschi, oníṣẹ́ ọnà ará Florence, ṣe fún ìdíje ilẹ̀kùn ilé ìtẹ̀bọmi ìlú Florence ní 1401, ìránṣẹ́ Ábúráhámù kan wà ní igun ìsàlẹ̀ tó ń wá nǹkan ní àtẹ́lẹsẹ̀ tirẹ̀, nígbà tí ọ̀bẹ ti wà lọ́rùn Ísáákì lókè. (Brunelleschi pàdánù ìdíje náà sọ́wọ́ Ghiberti. Bóyá ìránṣẹ́ yẹn ló kó bá a.) Jan Gossart, ará ilẹ̀ Netherlands, tó tẹ̀lé olówó tó ń gbà á síṣẹ́ lọ Róòmù láàárín 1508 sí 1509, yà á láti ìsàlẹ̀ bí ẹni tó lóṣòó. Àyè tó ṣẹ́kù lórí pépà náà, ó fi ya ẹsẹ̀ tó wọ sálúbàtà àti àṣíborí olórí kìnnìún. Kò fi pépà ṣòfò.

Ẹ̀dà tèmi wá láti ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ẹrù táwọn ènìyàn fi tọrẹ. Pọ́n-ùn 12. P.O.P. ni, gíga rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 31, àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún ti kán. Wọ́n ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń dán yinrin kùn ún kó lè jọ idẹ, ìyẹn ló sì dá wàhálà àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ibi gbogbo ni iná ń tàn padà láti ara rẹ̀: èjìká ń dán, orúnkún ń dán, inú ihò ìgbọ́nwọ́ tó yẹ kó ṣókùnkùn náà ń dán.

Mo ra ọ̀dà funfun tí kì í dán, agolo kékeré, pọ́n-ùn 6.50. Ọwọ́ mi wúwo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kùn ún, ọ̀dà sì dí àárín gbogbo ìka ẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni mo fi ha á jáde fún odidi ìrọ̀lẹ́ kan. Tí ẹ bá fẹ́ kun tiyín, ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kan, kó fúyẹ́, ẹ fi sílẹ̀. P.O.P. tó ṣẹ́kù láti ìgbà tí mo tún ògiri ilé ṣe ni mo fi mọ àtàǹpàkò tuntun fún un. Ó jọ ẹ̀pà. Bó ṣe wà náà nìyẹn.

Ẹ má rò pé fífi ẹ̀dà P.O.P. kọ́ṣẹ́ jẹ́ àbùkù. Ní Padua, ní Ítálì, ayàwòrán Francesco Squarcione kó ẹ̀dà P.O.P. àwọn ère àtijọ́ jọ sí ilé iṣẹ́ rẹ̀, ara wọn ni Mantegna, ọmọ tó gbà tọ́, ti kọ́ iṣẹ́.

Ìpele 2: Egungun

Fàdákà kì í ya pépà lásán. Ó nílò ohun tó le díẹ̀, tó máa ha á bí ó ṣe ń kọjá. Cennino Cennini, tó kọ ìwé iṣẹ́ ọwọ́ ayàwòrán ní nǹkan bí 1400, ní egungun itan àti apá adìyẹ ló dára jù, pé bó bá ṣe gbó tó ló ṣe dára tó. Ó ní kí a mú un bí a bá ṣe bá a lábẹ́ tábìlì oúnjẹ, kí a sọ ọ́ síná títí yóò fi funfun ju eérú lọ.

Adìyẹ kò wọ́n wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kó egungun adìyẹ ọjọ́ Sunday jọ. Mo sè é kí ẹran àti ọ̀rá bọ́, mo sá a gbẹ fún ọjọ́ mẹ́rin. Gíráàmù 300.

Àṣìṣe kìíní: mo kó o sínú ọ́fùn ilé ìdáná, mo gbé iná rẹ̀ sókè dé ibi tó lè dé, 250. Láàárín wákàtí kan, egungun di aláwọ̀ ilẹ̀, òórùn gba ilé kan, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ìyàwó mi ṣí gbogbo fèrèsé, ó ní tí mo bá tún dán an wò, kí n kó egungun mi kí n máa gbé e lọ sí Florence.

Ẹ̀ẹ̀kejì, mo gbé àdògán sí ẹ̀yìn ilé, mo ra àpò èédú kan ní pọ́n-ùn 5. Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, egungun dúdú kirikiri. Mo rò pé mo ti bà á jẹ́, díẹ̀ ló kù kí n dà á nù. Àṣé àárín ọ̀nà ni dúdú yẹn. Èédú ẹran ló ṣì wà nínú egungun, iná àti atẹ́gùn ni yóò lé e jáde. Mo ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀ títí. Nígbà tó di wákàtí méjì àbọ̀, ó funfun tán, bí mo bá sì fi ọ̀kan lu èkejì, ó ń dún bí àwo tánganran. Gíráàmù 150 ló kù.

Lílọ̀ ló kù. Mo ní ọlọ kan tí màmá mi dì sínú ẹrù fún mi láti Ìbàdàn. Wọ́n pè lórí fídíò nígbà tí mo wà lórí rẹ̀.

"Kí lò ń lọ̀?"

"Egungun ni, Màámi."

Wọ́n dákẹ́. "Egungun kí ni?"

"Ti adìyẹ ni, mà."

Wọ́n tún dákẹ́. "Ti adìyẹ náà, fọ ọlọ mi dáadáa."

Cennini ní kí a lọ̀ ọ́ fún wákàtí méjì. Mo lọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, apá ń ro mí, mo ní ó tó. Mo kù ú nínú ìbọ̀sẹ̀ obìnrin, gíráàmù 110 ló bọ́ sísàlẹ̀. Kò tó rárá, ẹ ó rí i níwájú. Ẹ fi aṣọ bo imú nígbà tí ẹ bá ń kù ú.

Ìpele 3: Gọ́ọ̀mù àti àwọ̀

Gọ́ọ̀mù awọ ehoro, pọ́n-ùn 9.80. Pépà òwú tó nípọn, sẹ̀ǹtímítà 42 ní gígùn àti 28 ní ìbú, márùn-ún ní pọ́n-ùn 14.

Mo rẹ gíráàmù 10 gọ́ọ̀mù sínú omi mílílítà 150 mọ́jú. Ó wú bí gààrí. Ní àárọ̀ mo gbé e ka iná, fóònù dún, nígbà tí n ó fi padà ó ti ń hó yaya. Mo lò ó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, bí mo ṣe fi ìka kan pépà, eérú egungun gbá mọ́ mi lọ́wọ́ bí àtíkè. Gọ́ọ̀mù tó bá ti hó, agbára rẹ̀ ti lọ. Pépà méjì ṣòfò. Nígbà tí mo tún un ṣe, ìkòkò nínú ìkòkò ni mo fi yọ́ ọ, omi gbígbóná lábẹ́, kò sì gbóná ju ohun tí ìka lè gbà lọ.

Ní ti àwọ̀, Cennini máa ń po àwọ̀ ewé mọ́ eérú egungun: erùpẹ̀ aláwọ̀ ewé, erùpẹ̀ òféèfé pupa-rúsúrúsú, òjé funfun, àti pupa kan tí mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀. Òjé àti mẹ́kúrì, májèlé ni méjèèjì. Mo yọ pupa náà kúrò pátápátá. Mo kọ́kọ́ ní n ó fi ẹfun tí wọ́n ń tà ní Rye Lane ládùúgbò wa dípò òjé, inú mi sì dùn sí ọgbọ́n tí mo dá, àfìgbà tí mo rántí pé ìjọba ibí ti kìlọ̀ fún àwọn aláboyún nípa ẹfun jíjẹ nítorí òjé tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Mo fẹ́ sá fún òjé, mo fẹ́ẹ́ sá bọ́ sí i lọ́wọ́. Funfun síǹkì ni mo wá rà, pọ́n-ùn 5.20, erùpẹ̀ aláwọ̀ ewé, 7.40, erùpẹ̀ rúsúrúsú, 4.60.

Ìwọ̀n tó ṣiṣẹ́ fún mi: eérú egungun gíráàmù 20, funfun síǹkì 15, erùpẹ̀ ewé 8, rúsúrúsú 2, gọ́ọ̀mù lílọ́wọ́ọ́wọ́ mílílítà 60. Mo gé pépà mẹ́ta tó kù sí méjì-méjì, ó di mẹ́fà, sẹ̀ǹtímítà 28 ní 21 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fi téèpù lẹ etí wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ pátákó, torí èyí tí mo kọ́kọ́ kùn láìlẹ̀ ẹ́ ká bí ewé mọ́ínmọ́ín. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kùn wọ́n, ìkan lóòró, ìkan níbùú, ìṣẹ́jú ogún láàárín. Ẹ̀yìn ṣíbí ni mo fi ra á kó lè jọ̀lọ̀.

Ìpele 4: Fàdákà

Mo ra wáyà fàdákà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pọ́n-ùn 3. Ìlà márùn-ún àkọ́kọ́ dára, ó rí bí òjìji òwú. Nígbà tó di ìkẹfà, ẹnu wáyà náà pupa. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bọ̀dá kan tó ń ṣe ẹ̀gbà ọrùn àti òrùka ní àdúgbò wa. Ó fi fáìlì ra á lẹ́ẹ̀kan péré. "Àbúrò, bàbà ni wọ́n fi fàdákà bò fún ọ." Ó gé ojúlówó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá fún mi, nínípọn rẹ̀ mílímítà 0.9, ó gba pọ́n-ùn 6.20. Mo tì í bọ inú pẹ́ńsùlù tí wọ́n ń tẹ lórí, èyí tó ń lo lẹ́ẹ̀dì 0.9, pọ́n-ùn 2.50. Ó wọ̀ ọ́ bí ẹni pé ìdí rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é.

Mo gbé e lé pépà kìíní. Ó ń ké kííń-kííń, ó sì ń ha ìkùn náà dé ara pépà. Ẹ̀ṣẹ̀ méjì ló para pọ̀. Àkọ́kọ́, mo ti gbẹ́ ẹnu wáyà náà bí abẹ́rẹ́. Ó yẹ kó rí rogodo díẹ̀, mo sì fi sáńpépà tó kúná ra á. Èkejì ni ọ̀lẹ tí mo ṣe nídìí ọlọ. Mo padà sórí egungun yẹn, mo lọ̀ ọ́ fún wákàtí méjì géérégé pẹ̀lú omi, mo tún fi èyí tó kúná kun àwọn pépà náà lẹ́ẹ̀mejì sí i. Igbe dópin. Pépà ìdánwò kan ti lọ síbẹ̀; márùn-ún ló kù.

Ohun kan wà tí kò ní àtúnṣe: ìlà fàdákà kì í parẹ́. Tó bá ti wọlé, ó ti wọlé.

Mo sì gbìyànjú àrékérekè. Cennini ní tí a bá ń fi ọ̀pá òjé yàwòrán tí ìlà sì ṣì, kí a fi búrẹ́dì rírọ̀ pa á rẹ́. Mo ní bóyá yóò gba ti fàdákà náà. Búrẹ́dì Agége ló wà nílé. Ìlà náà kò kúrò, ṣùgbọ́n ọ̀rá àti ṣúgà inú búrẹ́dì fi àbàwọ́n rogodo kan síbẹ̀ tí fàdákà kò lè gùn mọ́. Pépà kan tún lọ. Mẹ́rin ló kù. Vasari, tó kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn ayàwòrán Ítálì, sọ ìtàn Taddeo Zuccaro, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó dé Róòmù láti kọ́ṣẹ́, tí ọ̀gá rẹ̀ fi búrẹ́dì kọ́ òkè àjà nínú apẹ̀rẹ̀ tó ní aago lára, kó lè gbọ́ bí ọmọ bá fọwọ́ kàn án. Mo ti rò pé ahun ni ọ̀gá náà. Lẹ́yìn pépà yìí, ó dà bíi pé kò jẹ̀bi tán.

Ìpele 5: Iná

Àwòrán kan wà tí Agostino Veneziano tẹ̀ jáde ní 1531: àwọn ọmọ iṣẹ́ Baccio Bandinelli, agbẹ́rè ará Florence, jókòó yí tábìlì ká lálẹ́, àbẹ́là kan láàárín, ère kéékèèké níwájú wọn, òjìji ràgàjì lára ògiri. Ó wù mí. N kò ra nǹkan kan, mo lo àbẹ́là tó wà nílé fún ìgbà tí NEPA ìlú òyìnbó bá mú iná, gígùn rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà ogún.

Ẹni tó tẹ àwòrán yẹn kò sọ fún wa pé àbẹ́là ń kúrú. Láàárín wákàtí méjì, iná náà ti sọ̀kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, òjìji àgbọ̀n ọmọ náà sì ti gun òkè lórí àyà rẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Mo ń ya òjìji agogo mẹ́sàn-án sí ara agogo mẹ́jọ. Àwòrán kìíní kú síbẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì mo gbé iná tábìlì tó ní gílóòbù LED síbẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 60 sí apá òsì ère, 50 sókè. Apá òsì ni Cennini náà ní kí ìmọ́lẹ̀ ti wá; òjìji ọwọ́ tó ń yàwòrán kì í sì í bo iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fi ìlà èédú yí ìdí iná àti ìdí ère ká lórí tábìlì, torí mo ní ọmọ nílé. Taddeo tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ìmọ́lẹ̀ òṣùpá lójú fèrèsé ló fi ń yàwòrán lẹ́yìn iṣẹ́ ilé. Àbúrò rẹ̀ Federico yà á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ò dán ìyẹn wò. Òṣùpá London kò ṣeé gbára lé.

Ìpele 6: Férémù olówùú

Alberti ń lo aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí òwú tó nípọn là sí ìgun mẹ́rin-mẹ́rin, ó ń ta á sáàárín ojú àti ohun tó ń yà. Tèmi jẹ́ férémù fọ́tò àlòkù, pọ́n-ùn 4. Òwú dúdú àti ìṣó, 2.80. Inú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 ní 30. Ìṣó mẹ́rìndínlógójì, sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta-mẹ́ta láàárín wọn, òwú mẹ́sàn-án lóòró, mẹ́sàn-án níbùú. Láti ojú mi sí férémù, sẹ̀ǹtímítà 60. Férémù sí ère, 30. Ihò onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan láàárín òwú férémù di mílímítà 35 lórí pépà, ère náà sì kún pépà dáadáa.

Mo fojú bu àyè ìṣó méjì dípò kí n wọ̀n ọ́n. Mílímítà mẹ́ta péré ni mo fi ṣì í, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọmọ náà tẹ̀ bí ti arúgbó nínú àwòrán kejì. Kò tán síbẹ̀. Bí mo bá ti mí, orí mi ń sún, ohun tó wà nínú ojú òwú kan á bọ́ sínú èkejì. Nínú àwòrán Dürer, ayàwòrán ará Jámánì, tó fi irú férémù yìí hàn, igi ṣóńṣó kan dúró níwájú ayàwòrán tó ń fi ojú tì í. Mo ti rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Mo ri ọ̀pá ìgbálẹ̀ mọ́ inú garawa P.O.P., mo gbé àgbọ̀n lé e lórí, mo di ojú kan. Ọmọbìnrin mi bi mí bóyá wọ́n ní kí n máa jìyà ni.

Ìpele 7: Yíyà

Àwòrán mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ ti mọ ohun tó pa méjì.

Ìkẹta ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Iná ti dúró, férémù ti tọ́, mo ti fi òwú so nọ́ọ̀tì irin kan rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ère bí àwọn bíríkìlà ṣe ń ṣe kí n lè mọ ohun tó wà lábẹ́ ohun wo. Àyà tọ́, ẹsẹ̀ tọ́. Mo dé irun. Ọmọ náà tẹrí ba, ó ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó yẹ kí irun iwájú rẹ̀ ṣubú sójú. Nínú àwòrán mi, irun ń tẹ̀lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ sí ọrùn bí ti ẹni tó dúró tí ó gbójú sókè. Mo ní mo ti ṣì í. Níwọ̀n bí fàdákà kò ti ṣeé pa rẹ́, mo ya irun mìíràn lé e lórí, èyí tó ń ṣubú bó ṣe yẹ. Orí náà di ìtẹ́ ẹyẹ.

Mo gbé ère náà fúnra rẹ̀ lọ síbi fèrèsé, mo fi okùn nọ́ọ̀tì wọ̀n ọ́n. Irun ère gan-an ló rí bẹ́ẹ̀! Àwọn onímọ̀ ti rí i tipẹ́: orí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún ère tó ń gbójú síwájú ni wọ́n wá gbé lé ara ọmọ tó tẹrí ba. Ọwọ́ mi ti rí òótọ́, ọgbọ́n orí mi ló ń bá a jiyàn. Pépà kẹta lọ nítorí pé mo fẹ́ tún iṣẹ́ ará Róòmù àtijọ́ ṣe.

Pépà kan ṣoṣo ló kù. Bí mo ṣe yà á nìyí:

a. Èédú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún ìtòlẹ́sẹẹsẹ, ìyẹ́ adìyẹ fún pípa á rẹ́. Ọ̀nà Cennini ni, ó sì sàn ju búrẹ́dì lọ. N kò fi fàdákà kan pépà ní alẹ́ méjì àkọ́kọ́.

b. N kò ya ojú tàbí imú. Mo ya àwọn ihò: àyè onígun mẹ́ta láàárín apá òsì àti itan, àyè tó wà lábẹ́ orúnkún. Nígbà tí àyè tọ́, ọmọ náà jáde fúnra rẹ̀.

d. Etí òjìji ni mo fi fàdákà yà kí n tó ya ìlà ìta ara. Ibi yìí ni "áyọ́ọ̀nù" ẹ̀gbọ́n mi parí sí. Tí a bá gbé fóònù, fọ́tò ti yan fún wa ibi tí òjìji dé. Níwájú ère, mo ní láti yan ibi tí itan yí kúrò lójú iná, mílímítà dé mílímítà, kí n tó fa ìlà.

e. Ìlà wínníwínní tó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, láti òkè ọ̀tún wá sí ìsàlẹ̀ òsì. Fàdákà kì í dúdú nítorí pé a tẹ̀ ẹ́. Tí a bá tẹ̀ ẹ́, ó ń ha pépà ni. Ìlà lórí ìlà ló ń sọ ọ́ di dúdú. Lábẹ́ àgbọ̀n, ó tó ìpele méje.

ẹ. Funfun síǹkì pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù, fún ibi tí iná ti bà lé e jù.

Wákàtí mẹ́rìnlá, láàárín alẹ́ mẹ́sàn-án. Ní alẹ́ keje mo jẹun tán, mo ń wo àkàrà kan, mo rí gìgísẹ̀ nínú rẹ̀. Federico Zuccaro ya ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tí ibà ti mú un lójú ọ̀nà ilé, tó ń wo òkúta etí odò bí ẹni pé àwòrán wà lára wọn, tó sì kó wọn sápò ru wọlé. Ó yé mi pátápátá.

Owó

Ère 12, ọ̀dà 6.50, èédú 5, gọ́ọ̀mù 9.80, pépà 14, àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta 17.20, wáyà ayédèrú 3, wáyà gidi 6.20, pẹ́ńsùlù 2.50, férémù 4, òwú àti ìṣó 2.80. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 83. N kò ka adìyẹ mọ́ ọn, jíjẹ la jẹ ẹ́.

Bó ṣe rí

Ẹsẹ̀ òsì fi mílímítà mẹ́rin gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Alẹ́ kan ni mo gbàgbé láti gbé àgbọ̀n lé ọ̀pá. Funfun èjìká pọ̀jù, ó jọ ẹni tó fi ìpara kunra tí kò fi ọwọ́ ra á. Àtàǹpàkò ẹ̀pà wà níbẹ̀ bí mo ṣe mọ ọ́n. Ṣùgbọ́n itan ọ̀tún yí ká. Ẹ lè fojú inú fi ọwọ́ gbá a mú láti ẹ̀yìn.

Nígbà tí mo yà á, ìlà rẹ̀ jẹ́ eérú. Ní báyìí tó ti lo oṣù márùn-ún lára ògiri, ó ti ń pọ́n rúsúrúsú bí fàdákà ṣe máa ń yí padà nínú atẹ́gùn, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ilé ìdáná sì ń yára jù.

Mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi láìsọ nǹkan kan. Ó pè mí lọ́gán. "Ọmọ ta nìyí, kí ló dé tí ẹ ò rí bàtà rà fún un?"

Bàbá ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n á lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́dọ̀ wa. Egungun tuntun ti ń gbẹ, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àga tí wọ́n lè jókòó lé fún wákàtí kan láìsùn.